Alẹ́ méje nínú ọkọ̀ RV ní igbó Ocala: Salt Springs, Juniper Springs àti Alexander Springs

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ wa ọkọ̀ RV, ìyẹn ọkọ̀ tí a ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, lọ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, igbó Ocala ni n ó dárúkọ, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ bi í pé oṣù wo ni ó fẹ́ lọ, nítorí oṣù tí ó bá mú ni yóò sọ ibùdó tí ó yẹ ẹ́. Àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Florida ni igbó ìjọba àpapọ̀ yìí wà. Ó lé ní 380,000 éékà, Ààrẹ Theodore Roosevelt ni ó sì yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1908. Nínú gbogbo igbó ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní ìlà-oòrùn odò Mississippi lórí ilẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà, òun ni àgbà. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti ìyá ìyàwó mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ni a jọ lọ síbẹ̀ ní ìparí oṣù Kìíní. A sun alẹ́ méjì ní Salt Springs, alẹ́ mẹ́ta ní Juniper Springs àti alẹ́ méjì ní Alexander Springs, ibùdó mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà létí ìsun omi, nínú ọkọ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25, tí a yá ní Savannah, ní ìpínlẹ̀ Georgia.

Ẹni tí kò tíì lo RV rí ní láti mọ ohun kan kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé e. Táǹkì mẹ́ta ni ó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ náà: ọ̀kan fún omi mímọ́, ọ̀kan fún omi tí a fi fọ abọ́ tàbí tí a fi wẹ̀, ìkẹta fún ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́. Iná rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Iná bátìrì ni ó ń tan gílóòbù tí ó sì ń yí pọ́ǹpù omi; iná ńlá, tí amúlétutù àti máíkírówéfù ń lò, gbọ́dọ̀ ti ìta wá, yálà láti ara òpó tí ó wà ní ibùdó tàbí láti inú jẹnẹrétọ̀. Ibùdó kan lè fún ọ ní iná, omi àti ihò ìdàdọ̀tí ní ẹsẹ̀ àyè rẹ gan-an, òmíràn sì lè fún ọ ní ilẹ̀ títẹ́jú, tábìlì àti ibi ìdáná nìkan. Ibùdó irú kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni ó dára jù ní igbó Ocala, bí ó bá ti jẹ́ ìgbà òtútù.

Salt Springs ni a kọ́kọ́ dé, nítorí pé márosẹ̀ 19 tí a gbà láti Palatka gba ibẹ̀ kọjá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni ó pèsè ohun gbogbo fún RV. Láàárín ogún ìṣẹ́jú tí a dé, mo ti so wáyà iná mọ́ òpó, mo ti so rọ́bà omi mọ́ ẹ̀rọ, mo sì ti ti páìpù ìdọ̀tí bọ ihò rẹ̀. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ kaná, àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú ọkọ̀ láìsí ẹni tí ó ń ka iye omi tí wọ́n dà. Fún ẹni tí ó ń lo RV fún ìgbà àkọ́kọ́, ìrọ̀rùn yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé ó fún un ní ààyè láti kọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ó tó lọ sí ibi tí kò ti ní sí ìrànlọ́wọ́. Ilé ìtajà wà nítòsí, ibi tí a ti ń yá ọkọ̀ ojú omi wà nítòsí, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ìhà àríwá sá fún yìnyín wá sì pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn nínú ọkọ̀ tí ó tóbi ju tiwa lọ ní ìlọ́po méjì.

Omi ìsun náà ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, nítorí àwọn iyọ̀ inú ilẹ̀ tí ó ń bá a jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹja mullet àti akàn aláwọ̀ búlúù, tí a mọ̀ sí ohun etí òkun, fi ń gba odò St. Johns àti adágún Lake George gòkè wá síbẹ̀. Ọmọ wa ọkùnrin dúró sí etí ògiri tí wọ́n fi yí omi náà ká, ó ń ka akàn nínú àwọn pàlàpálá òkúta títí òòrùn fi wọ̀. Ṣùgbọ́n bí alẹ́ ti ń lẹ́ ni mo ń rí i pé ibùdó náà rí bí àdúgbò: ọkọ̀ súnmọ́ ọkọ̀, iná ẹnu ọ̀nà ń tàn níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ìró amúlégbóná àwọn ará ilé kejì sì ń wọ etí wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ igbó gan-an kò tíì dé ibẹ̀.

Láti Salt Springs sí Juniper Springs kò jìnnà. A padà sí márosẹ̀ 19, a yà sí márosẹ̀ 40 lápá ìwọ̀-oòrùn, a sì dé. Kò sí òpó iná ní ẹsẹ̀ àyè kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ omi mímu wà káàkiri fún gbogbo ènìyàn, ilé ìwẹ̀ wà, ibi tí a ń da ìdọ̀tí táǹkì sí wà ní ọ̀kan, tí oníkálukú máa ń yà sí nígbà tí ó bá ń lọ. A ti rọ omi kún táǹkì wa, gálọ́ọ̀nù 40, kí a tó kúrò ní Salt Springs, mo sì gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ibùdó ni a ń lò láti wẹ̀, omi ọkọ̀ wà fún abọ́ àti ilé ìyàgbẹ́ nìkan, nítorí náà ènìyàn márùn-ún lo alẹ́ mẹ́ta, omi kò sì tán.

Ìdí tí mo fi fi Juniper ṣáájú ni omi rẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ìsun náà ń hó láti abẹ́ yanrìn sínú adágún kan tí wọ́n fi òkúta yí ká, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kì í sì yẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 72 Fahrenheit, ìyẹn 22 ní ti Celsius, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Omi òjò tí ó ti wọ inú òkúta ẹfun lọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó ń padà jáde, ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ tí ó ti wà ni kò jẹ́ kí òtútù tàbí ooru ojú ọjọ́ ràn án. Ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn tutù débi pé a wọ ẹ̀wù méjì léra, ìkùukùu funfun ń gòkè lójú omi náà bí èéfín, àwọn ọmọ bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń pariwo pé omi gbóná. Màmá ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ láti orí àtẹ̀gùn òkúta, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní orúnkún àwọn kò dùn àwọn mọ́ ní ọjọ́ náà, èmi náà sì rí i pé wọ́n rìn padà láìdi ẹnikẹ́ni mú.

Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ Civilian Conservation Corps, tí ìjọba Franklin Roosevelt dá sílẹ̀ ní ọdún 1933 nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà àti ilé kékeré kan tí kẹ̀kẹ́ ńlá tí omi ń yí wà lára rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ó ń fún ibùdó náà ní iná nígbà kan rí. Mo dúró tì í pẹ̀lú ọmọbìnrin wa, a wo bí wọ́n ṣe to àwọn òkúta rẹ̀ lérí ara wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ́ ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ó ti wà níbẹ̀.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kúkúrú kan ti ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà lọ sí Fern Hammock Springs. A kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ níbẹ̀, inú mi sì dùn sí òfin yìí, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ìsàlẹ̀ omi náà bàjẹ́. Láti orí afárá onígi tí ó tẹ̀ kọdọrọ lórí rẹ̀, a ń rí ibi tí omi ti ń ti yanrìn funfun sókè láti abẹ́, tí yanrìn náà ń yí bí ẹ̀kọ tí ó ń hó, ní ojú mẹ́wàá, ní ojú ogún. Awun omi ń kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n péré ní gbogbo igbó Ocala, orí afárá yìí ni kí ó lọ lò ó.

Odò tí ó ṣàn jáde láti ibi ìsun Juniper jẹ́ máìlì méje, ó sì gba inú Juniper Prairie Wilderness, apá igbó tí a kò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ nínú rẹ̀, títí ó fi dé márosẹ̀ 19. Èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ yá ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì, Màmá sì dúró ní ibùdó. Fún wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ tí a lò, ọwọ́ wa kò kúrò lára àjẹ̀, kì í ṣe nítorí pé omi náà le, bí kò ṣe nítorí pé ó tóóró, ó ń yà láti kọ̀rọ̀ sí kọ̀rọ̀, ọ̀pẹ tí ó ti dùbúlẹ̀ lórí omi sì ń mú kí a tẹrí ba ní ìgbà púpọ̀. A rí ọ̀nì mẹ́rin tí wọ́n ń yáàrùn ní etí omi, kò sí èyí tí ó mira. Òfin kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó di ẹrù: a kì í gbé ohun jíjẹ tàbí mímu tí ó wà nínú ike tàbí agolo àlòsọnù wọ inú odò náà, nítorí náà inú abọ́ olómorí ni kí a di oúnjẹ sí, inú ìgò tí a óò mú padà sílé ni kí a sì rọ omi sí. Ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára tó, tàbí tí ó ní ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, kò yẹ kí ó gba odò yìí, nítorí pé kò sí ibi tí a ti lè jáde láàárín ọ̀nà kí ọkọ̀ wá gbé wa.

Alẹ́ kẹta ní Juniper ni ìṣòro dé bá wa, ilé iṣẹ́ tí ó yá wa lọ́kọ̀ ni ó sì fà á. Ìwọ̀n òtútù ti súnmọ́ ibi tí omi ti ń dì. Amúlégbóná RV máa ń jó gáàsì, gáàsì sì pọ̀ lọ́wọ́ wa, àmọ́ fáànù tí ń fẹ́ ooru rẹ̀ kárí ilé, bátìrì ni ó ń lò. Bátìrì olómi tí ó bá gba 100 amp-hour, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ó lè kó pamọ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ kí a lò kí ó má baà bàjẹ́. Bí fáànù bá sì ń mu amp 7, wákàtí méje péré ni ìdajì náà yóò gbà á. Ìṣirò yìí yóò tó wa bí bátìrì bá ṣe tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fún wa ti gbó, wọn kò sì sọ. Ní aago mẹ́ta òru, fáànù dákẹ́, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, a sì kó gbogbo aṣọ ìbora jọ lé Màmá àti àwọn ọmọ lórí. Àárín agogo mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀ ni àkókò ìdákẹ́jẹ́ ní ibùdó, n kò sì lè tan jẹnẹrétọ̀ kí n jí àwọn aládùúgbò. A dúró di aago mẹ́fà.

Ohun tí mo kọ́ láti inú èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ yìí mú lọ. Kí o tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń yá ọ lọ́kọ̀, béèrè ọdún tí wọ́n ra bátìrì rẹ̀, ní kí wọ́n yọ wáyà ìta kúrò, kí o sì jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ lójú rẹ fún ìdajì wákàtí kan, kí o máa wo bí agbára rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé sólà orí òrùlé ní Juniper, nítorí igi bo àyè ibẹ̀ lórí. Pánẹ́ẹ̀lì tí a lè gbé sí ibi tí òòrùn bá wà, tí wáyà rẹ̀ gùn, ni yóò ṣe ọ́ láǹfààní. Gbé pákó àfidọ́gba fún táyà dání pẹ̀lú, kí ọkọ̀ má baà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí fíríìjì tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ kò ní pọ́ǹpù nínú. Ìṣàn lásán ni omi ammonia rẹ̀ fi ń yí, bí ó bá sì dà ju bí ó ti yẹ lọ, kò ní tutù, ó sì lè bàjẹ́ pátápátá.

Alexander Springs kò ní òpó iná bákan náà, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí Juniper ní ọ̀nà kan tí ó ṣe pàtàkì fún ìdílé: etí omi rẹ̀ jẹ́ yanrìn tí ó ń rọra lọ sísàlẹ̀, kò sí ògiri, kò sí àtẹ̀gùn. Màmá rìn wọ inú omi náà fúnra wọn dé ìbàdí. Ìsun ńlá ni, ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní ìpele kìíní, èyí tí ó túmọ̀ sí pé omi tí ó ń jáde nínú rẹ̀ lóòjọ́ lé ní gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 64. Ó jìn ní àárín, ó sì mọ́ débi pé a ń rí àwọn tí wọ́n wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ inú ibú tí wọ́n ń rìn nísàlẹ̀, èéhó afẹ́fẹ́ ẹnu wọn ń gòkè bí ìlẹ̀kẹ̀. Fún ọmọ kékeré àti àgbàlagbà, ibí ni mo yàn ṣáájú Juniper. Fún ẹni tí ó fẹ́ rìn kiri, kò ní ohun púpọ̀ tí yóò mú un dúró ju ọjọ́ méjì lọ.

Béárì dúdú pọ̀ ní igbó yìí, òfin sì wà lórí bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ. Ẹni tí ó ní RV rọrùn fún, nítorí inú ọkọ̀ ni ohun gbogbo ń sùn: oúnjẹ, ọṣẹ, pàǹtí, oúnjẹ ajá, àti ìkòkò tí a kò tíì fọ̀. A kò rí béárì, ṣùgbọ́n a rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yanrìn ní ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Yanrìn yẹn náà ni kò yẹ kí ọkọ̀ ńlá wọ̀; àwọn ọ̀nà inú igbó tí wọn kò da ọ̀dà sí lè gbé táyà RV mì títí dé ìdajì, ẹni tí yóò fà á jáde kò sì sí nítòsí. Kí a má sì gbé igi ìdáná láti ilé wá. Ní agbègbè Savannah, níbi tí à ń gbé gan-an, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò redbay ambrosia beetle ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, láti ìgbà náà sì ni àrùn tí ó ń gbé kiri ti ń pa igi redbay ní gbogbo gúúsù, inú igi gígé tí àwọn ènìyàn ń kó kiri sì wà lára ọ̀nà tí ó gbà ń tàn. A ra igi ní ẹnu ọ̀nà ibùdó, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí ó dé lẹ́yìn wa.

Ohun méjì lè dẹ́rù ba àlejò tí a kò bá sọ fún un. Ọ̀kan ni èéfín: àwọn òṣìṣẹ́ igbó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun apá kan igbó nígbà òtútù, nítorí ẹyẹ Florida scrub-jay aláwọ̀ búlúù, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ní Florida, kì í gbé inú igbó tí ó bá ti ga jù. Èkejì ni ìró bọ́ǹbù. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní pápá ìdánrawò kan nínú igbó náà, Pinecastle ni wọ́n ń pè é, ìró ohun tí wọ́n ń jù níbẹ̀ sì mi fèrèsé ọkọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Màmá dìde jókòó, a ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì gbàdúrà fún àwọn ọmọ olọ́mọ tí ń kọ́ṣẹ́ ogun kí wọ́n tó padà sùn.

Orí ìkànnì Recreation.gov ni a ti gba àyè ní ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé máa ń kún láti ìgbà pípẹ́ ṣáájú, nítorí náà a ṣètò kí Juniper bọ́ sí ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, ìdákẹ́jẹ́ tí a rí níbẹ̀ sì jẹ mọ́ ètò yìí. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 62, tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí tí ó ní ìwé ìgbélùú títí láé, lè gba káàdì Senior Pass, tí ó máa ń dín owó àyè ibùdó kù sí ìdajì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Màmá ní i, orúkọ wọn ni a sì fi gba àyè. Bí ó bá jẹ́ oṣù Keje tàbí Kẹjọ ni o fẹ́ lọ, Salt Springs ni kí o lọ tààrà, nítorí láìsí amúlétutù, ooru àti ẹ̀fọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú RV. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, Juniper ni.

A óò padà síbẹ̀ ní oṣù Kìíní tí ń bọ̀, pẹ̀lú bátìrì lithium tiwa. Màmá ni wọ́n yan àyè náà lórí àwòrán ibùdó: wọ́n ní kí àwọn lè máa fi ẹsẹ̀ ara àwọn rìn dé afárá Fern Hammock ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jí.